KORÍKO ÒKUN: ẸLẸ́RÌÍ OHUN TÍ A DÀ SÍNÚ OMI

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi òkun ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ti koríko kan tí ó ń hù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn sọ pé kí ló kàn wá pẹ̀lú koríko abẹ́ omi, nígbà tí èyí tí ó wà ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ wa pàápàá kò tíì rí ẹni ro ó. A bẹ̀ yín, ẹ mú sùúrù fún wa. Koríko tí a ń wí yìí ti jẹ́rìí nípa ohun tí àwọn ènìyàn dà sínú òkun ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dà á ti kú tàbí tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Gbogbo ọmọ tí ó ti jókòó síwájú áfáà pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́ ni ó mọ̀ pé ohun tí a fi tàdáwà kọ lánàá, bí a bá ti fi omi fọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí yóò rí i kà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi òkun rí. Ilé iṣẹ́ kan lè ṣí ẹnu páìpù rẹ̀ sílẹ̀ ní òru, kí ó da omi olóró sínú òkun fún wákàtí mẹ́ta, kí ó sì tì í pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò bá dé pẹ̀lú ìgò wọn láàárọ̀, ìgbì ti gbé e lọ, omi ti pò ó pọ̀, èyí tí wọ́n bù sínú ìgò yóò mọ́ lójú ẹ̀rọ. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé omi náà dára. Wọn kò purọ́, ohun tí omi sọ fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n omi kì í rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun mìíràn tí wọn yóò bi léèrè yàtọ̀ sí omi. Wọ́n ń wá ohun alààyè tí kì í kúrò lójú kan, tí ó ń gbé inú omi náà tọ̀sán tòru, tí ó ń gba ohun tí ó bá wà nínú omi sára, tí kì í sì í tètè tú u dànù. Ẹja kò bá a mu tó, nítorí pé ẹja tí a mú ní èbúté yìí lè jẹ́ pé ibòmíràn tí ó jìnnà ni ó ti jẹun. Koríko òkun ni ó bá a mu.

ÀWỌN IRIN WO NI À Ń WÍ?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ koríko, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń kó sára. Àwọn irin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní irin wíwúwo. Lára wọn ni òjé, mákúrì, kádímíọ̀mù, bàbà, síǹkì, níkẹ̀ẹ̀lì, krómíọ̀mù àti kóbáọ̀tì. Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa. Òjé wà nínú bátìrì ọkọ̀, àwọn apẹja sì ń so ó mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì. Síǹkì ni wọ́n fi ń bo páànù orí ilé kí ó má baà dípẹtà. Mákúrì ni omi fàdákà tí ó máa ń gòkè nínú ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń wọn ara gbígbóná láyé àtijọ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí a bẹ̀rù wọn ni pé wọn kì í jẹrà. Bí a bá da èérí oúnjẹ sínú omi, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò rà, yóò sì di nǹkan mìíràn. Iná a máa jó bébà, ilẹ̀ a máa jẹ igi. Ṣùgbọ́n òjé tí a dà sínú omi ní ọdún tí wọ́n bí bàbá, òjé náà ni yóò ṣì jẹ́ nígbà tí ọmọ ọmọ bá wá pẹja níbẹ̀. Ó kàn lè ṣí kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún ni, láti inú omi bọ́ sínú ẹrẹ̀, láti inú ẹrẹ̀ bọ́ sínú koríko, láti inú koríko bọ́ sínú ohun tí ó jẹ ẹ́.

A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta kan náà. Inú agbo ilé ni àwọn kan ti ń lọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ó bá a lọ lé ní 400. Ní ìlú Minamata ní ilẹ̀ Japan ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ kan da mákúrì sínú òkun láti 1932 títí di 1968. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja etíkun ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ta gìrì, tí wọ́n ń yí lójú kan bí ẹni ń jó, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Ọdún 1956 ni àwọn dókítà kéde àrùn náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó kù ọdún méjìlá kí ilé iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí mákúrì, wọ́n sì fi orúkọ Minamata pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017.

Bí a bá ní ẹlẹ́rìí tí ó lè sọ̀rọ̀ kí ológbò tó bẹ̀rẹ̀ sí jó, èrè ńlá ni.

KORÍKO ÒKUN KÌ Í ṢE EWÉ ÒKUN LÁSÁN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé gbogbo ohun tútù tí ó wà nínú òkun ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, tí ó ń yọ̀, tí kò ní gbòǹgbò gidi, tí kì í tanná, ìyẹn yàtọ̀. Koríko òkun ní gbòǹgbò, ó ní igi, ó ní ewé, ó máa ń tanná lábẹ́ omi, ó sì ń so èso. Nǹkan bí irú 60 sí 70 ni ó wà káàkiri ayé. Àwọn onímọ̀ sọ pé láti orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti padà wọ inú òkun ní ayé àtijọ́ pátápátá.

Èyí tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni wọ́n ń pè ní Posidonia oceanica. Kò sí ibòmíràn tí ó ń hù ní gbogbo ayé àyàfi nínú Òkun Mẹditaréníà, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Al-Bahr al-Abyad al-Mutawassit, òkun funfun tí ó wà láàrin. Òun ni òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Spain ní òkè, àti Tùnísíà, Àlgéríà, Líbíà àti Íjíbítì ní ìsàlẹ̀. Ewé koríko náà fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan, ó sì lè gùn tó mítà kan. Níbi tí omi bá ti mọ́ kedere tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi ń wọlé, ó lè hù dé ogójì mítà nísàlẹ̀. Ó máa ń tẹ́ rẹrẹ bí pápá ni, ẹja a máa yé ẹyin sínú rẹ̀, ọmọ ẹja a máa sá pamọ́ sí i, ìjàpá òkun a sì máa jẹ ewé rẹ̀. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá gbó, ìgbì a gbé e wá sí èbúté, a kó jọ gegere. Àwọn òkú èèhọ́ rẹ̀ tí omi bá ti yí yípo yípo a di òbìrìkìtì aláwọ̀ ilẹ̀, bí kànrìnkàn tí a ká pọ̀. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ a máa fi ta bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá wo igi rẹ̀. Ó ń rá mọ́ ilẹ̀ bí ti atalẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ń dúró lóòró. Èyí tí ó dúró lóòró yìí kì í yára: bí sẹ̀ǹtímítà kan ni ó ń ga lọ́dún. Lórí igi yìí ni ewé ti ń yọ, bíi méje tàbí mẹ́jọ lọ́dún. Bí ewé kan bá gbó tí ó sì já, kì í já tán. Ìdí rẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sára igi. Ẹni tí ó bá ti wo ara ọ̀pẹ rí yóò mọ ohun tí à ń wí: a ti gé imọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdí imọ̀ ṣì wà lára ọ̀pẹ ní ipele ipele, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí ewé koríko òkun ṣe ń tò lára igi rẹ̀, èyí tí ó ti pẹ́ jù wà nísàlẹ̀, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já wà lókè.

Iṣẹ́ ìyanu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìdí ewé wọ̀nyí kò nípọn bákan náà. Bí ọdún ti ń yí láti ìgbà òtútù sí ìgbà ooru, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nípọn, tí wọ́n sì tún ń fẹ́lẹ́. Láti èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù dé èyí tí ó tún fẹ́lẹ́ jù lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó pẹ̀lú abẹ kékeré àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, tí ó ń ṣí ìdí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó, yóò lè sọ pé: èyí hù ní ọdún tí ó kọjá, èyí hù ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, èyí hù ní ogún ọdún sẹ́yìn. Lepidochronology ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ó jọ bí àwọn agégi ti ń ka òrùka inú ìtì igi láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìyẹn lọ ní ti ohun tí à ń wá, nítorí pé irin tí koríko náà gbà sára ní ọdún kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú ìdí ewé ọdún náà.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ti lo ọ̀nà yìí ní etíkun Faransé àti ti Ítálì láti ka iye mákúrì tí ó wà nínú omi ní ọdún kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù ní oṣù kẹrin 1986, tí afẹ́fẹ́ gbé àwọn èròjà olóró rẹ̀ káàkiri Yúróòpù, wọ́n rí èyí tí ó bọ́ sínú Òkun Mẹditaréníà lára koríko yìí kan náà. Ukraine sí etíkun Faransé, ọ̀nà jìn. Síbẹ̀ koríko gbọ́.

Ọ̀RỌ̀ CANARI

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbà yín lọ sí erékùṣù Corsica. Abẹ́ ìjọba Faransé ni ó wà; ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Napoleon ní 1769, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yóò rántí. Ní ìhà àríwá erékùṣù náà ni ìlú kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Canari, lórí òkè tí ó dojú kọ òkun. Nínú òkè ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ásíbẹ́sítọ̀ọ̀sì, ohun kan náà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ní ní àjà ilé bàbá wa títí di òní. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ gan-an lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa ní 1965.

Láti rí ásíbẹ́sítọ̀ọ̀sì díẹ̀, òkúta púpọ̀ ni a ó fọ́. Kí ni wọ́n ń fi òkúta tí wọ́n ti fọ́ tán ṣe? Òkun ni wọ́n ń dà á sí, nísàlẹ̀ òkè níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù rẹ̀. Omi òkun ń gbé e lọ sí ìhà gúúsù, títí ó fi kó jọ sábẹ́ ìlú Nonza, tí ó sì di èbúté tuntun tí òkúta rẹ̀ dúdú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé ni èbúté náà ti wà. Àwọn àlejò máa ń lọ ṣeré níbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò.

Irú òkúta tí ásíbẹ́sítọ̀ọ̀sì ń wà nínú rẹ̀ níbẹ̀ máa ń ní níkẹ̀ẹ̀lì, krómíọ̀mù àti kóbáọ̀tì nínú. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Corsica mú koríko òkun láti oríṣiríṣi ibi ní etíkun erékùṣù náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2008. Koríko Canari ni irin mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ sí lára ju ti ibi yòókù lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1965 sí 2008, ọdún 43 ni. Àwọn tí ń gbẹ́ òkúta ti lọ, ẹ̀rọ ti dípẹtà, ilé iṣẹ́ ti di ahoro, kò sì sí páìpù kankan tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó ń da nǹkan sómi. Ewé tí wọ́n sì yẹ̀ wò kì í ṣe ewé 1965, nítorí pé ewé koríko náà kì í sábà pé ju ọdún kan lọ kí ó tó já. Ewé tuntun ni, tí ó hù nínú omi òde òní. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ nígbà náà ṣì ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú òkúta àti yanrìn, koríko sì ṣì ń mu ún.

Lójú tiwa, ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò jù lọ nìyí. Ìdí ewé àtijọ́ ń sọ ohun tí ó ti kọjá, ewé tuntun ń sọ bóyá ó ti kọjá lóòótọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ÀYẸ̀WÒ NÁÀ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì yóò fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí náà a ó ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Arìnnà-omi yóò wọ ẹ̀wù rọ́bà, yóò gbé àgbá atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn, yóò sì lọ já ìwọ̀nba koríko láti ìsàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ kó o ní àkójù, nítorí pé láti 1988 ni òfin Faransé ti ń dáàbò bò ó. Wọn yóò to ewé lẹ́sẹẹsẹ, ti kékeré lọ́tọ̀, ti àgbà lọ́tọ̀. Wọn yóò fá àwọn ohun kéékèèké tí ó ti hù lára ewé kúrò, nítorí pé àwọn náà máa ń ní irin tiwọn lára, wọ́n sì lè ba ẹ̀rí jẹ́. Wọn yóò ṣan ewé pẹ̀lú omi tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, nítorí pé omi ẹ̀rọ lásán lè ní bàbà nínú láti ara páìpù. Wọn yóò gbẹ ẹ́, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọn yóò yọ́ ọ nínú ásíìdì gbígbóná, wọn yóò sì gbé omi tí ó jáde fún ẹ̀rọ kan tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ irin kọ̀ọ̀kan, nítorí pé irin kọ̀ọ̀kan ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń gbé mì. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó sọnù bá ti pọ̀ tó ni irin náà pọ̀ tó.

Ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò pàápàá kì í jẹ́ onírin bí wọ́n bá lè rí ti ike tàbí ti gíláàsì. Ẹni tí ń wá irin nínú ewé kò gbọdọ̀ fi irin gé e.

ẸLẸ́RÌÍ NÁÀ ṢEÉ ṢÌ GBỌ́

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ òtítọ́, ẹni tí ń gbọ́ ọ náà gbọ́dọ̀ mọ èdè rẹ̀. Bàbà, síǹkì àti irin gidi wà lára ohun tí koríko nílò láti fi dàgbà, bí àwa náà ti nílò iyọ̀. Nítorí èyí, ó máa ń ṣọ́ iye tí ó ń gbà nínú wọn, iye tí ó wà lára rẹ̀ sì lè má bá ti inú omi dọ́gba. Ṣùgbọ́n kò nílò òjé, kò nílò mákúrì, kò sì nílò kádímíọ̀mù, nítorí náà àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rí rẹ̀ ti máa ń ṣe kedere jù.

Àsìkò náà tún wà níbẹ̀. Ní ìlú Port Pirie ní gúúsù Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ tí ó ń yọ́ òjé ti wà láti 1889, etí omi ni ó sì wà. Irú koríko òkun mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan Posidonia tiwa yìí ń hù níbẹ̀, òjé, síǹkì àti kádímíọ̀mù sì wà lára rẹ̀. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1980 rí i pé iye irin náà máa ń yí padà láti ìgbà kan sí ìgbà kan nínú ọdún, bí ewé ti ń yára hù tàbí tí ó ń lọ́ra. Ẹni tí ó bá mú koríko ibì kan nígbà ooru, tí ó wá mú ti ibòmíràn nígbà òtútù, tí ó sì fi wọ́n wéra, ó ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ewé àgbà àti ewé ọ̀dọ́ kò ṣeé fi wéra bákan náà.

Òkúta ìlú pàápàá tún ní ti ara rẹ̀. A ti sọ pé òkúta Canari ní níkẹ̀ẹ̀lì nínú fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wá ilé iṣẹ́ kan sí ilé ẹjọ́, ó yẹ kí ó ti mọ iye tí ojò lè ṣàn wọ inú òkun láti ara òkè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ibi púpọ̀ wò, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bi wá léèrè nínú kíláàsì pé bí koríko náà bá ń fa oró sára, ṣé kì í ṣe pé ó ń bá wa fọ òkun mọ́ ni? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ewé máa ń já, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a padà sínú omi àti ẹrẹ̀. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní salema tí ó jẹ́ pé ewé yìí gan-an ni ó máa ń jẹ, ẹja ńlá a sì jẹ òun náà, ènìyàn ń jẹ ẹja. Èyí tí ó wà nínú igi àti ìdí ewé nísàlẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Koríko kò sọ oró di òfo. Ibi tí ó wà ni ó ń fi hàn wá.

NÍGBÀ TÍ ẸLẸ́RÌÍ BÁ KÚ

Ìlú kan wà ní Tùnísíà tí ń jẹ́ Gabès. Ìlú ọ̀pẹ dábínù ni, tí igbó dábínù rẹ̀ sì dé etí òkun, irú èyí tí kò wọ́pọ̀. Ní 1972, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń sọ òkúta fọ́sífétì di ajílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Èérí rẹ̀ dà bí ẹfun tí a pò mọ́ omi, ó ní kádímíọ̀mù nínú, inú òkun ni wọ́n sì ń dà á sí. Abẹ́ omi ibẹ̀ yẹn ti jẹ́ pápá Posidonia tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ rí. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kú. Èérí bo ilẹ̀, omi di ríru, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé mọ́, oró náà sì pọ̀ ju ohun tí koríko lè fara dà lọ. Àwọn apẹja tí ó ń rí ẹja nítòsí tẹ́lẹ̀ ní láti máa lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn ará ìlú náà tú jáde sí ìgboro ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń sọ pé kí wọ́n kó ilé iṣẹ́ náà kúrò ní àárín àwọn.

Láti ka irin lára koríko òkun, koríko gbọ́dọ̀ wà láàyè ná. Níbi tí ó ti kú tán, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun nìkan ni ó kù tí a lè bi. Ẹrẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í kìlọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mọ èyí, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú òfin omi tí wọ́n ṣe ní 2000, koríko òkun wà lára ohun tí a ó máa wò láti mọ̀ bóyá omi etíkun kan dára. Wọn kì í dúró de ìgbà tí ó bá kú. Bí pápá rẹ̀ bá ti ń súnkì, tàbí tí ewé rẹ̀ bá ń pọ̀ ní irin, a ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀.

ÀWA NÍ ETÍ Ọ̀SÀ

Bàbá kan nínú àwọn òbí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ojú omi, bi wá nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn pé ibo ni koríko náà wà níhìn-ín. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pápá rẹ̀ tí a mọ̀ jù wà ní Mauritania, ní Banc d'Arguin, ó sì wà ní Senegal pẹ̀lú. Ní tiwa, ìgbì òkun le, omi ọ̀sà sì kún fún ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti wọ omi dáadáa, kò rọrùn fún irú koríko bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a ní ewé omi kan, èyí tí ó ń léfòó, tí ó ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọjá lórí afárá ní Èkó nígbà òjò ti rí i. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá sí Áfíríkà, ní nǹkan bí 1984 ni ó sì gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọlé sí wa láti ìhà Benin. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó pọ̀ bí irun, ó sì ń fa irin wíwúwo láti inú omi gidigidi. Ní ti kí a kàn mọ̀ pé irin wà nínú omi, ó lè jẹ́rìí. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ibùgbé: omi ń gbé e láti etí ilé iṣẹ́ kan lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn, kò sì lè sọ fún wa ibi tí ó ti gbà á. Kò rí bí Posidonia tí ó ta gbòǹgbò sójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bàbá náà sọ fún wa pé àwọn kan ní àdúgbò wọn máa ń kó ewé yìí jáde kúrò lómi, wọ́n ń jẹ́ kí ó rà, wọ́n sì ń fi ṣe ajílẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Àwọn mìíràn ń fún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, àwọn kan ń sá a gbẹ fún ewúrẹ́. A bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń kó o. Wọ́n ní lẹ́yìn ibi tí àwọn tí ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ ti ń da omi wọn sí gọ́tà ni ó ti máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti dákẹ́. A ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá èyí tí wọ́n ń kó níbẹ̀ dúró, kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀ láìjẹ, kí wọ́n sì bá wa mú ewé díẹ̀ àti ẹrẹ̀ díẹ̀ wá nínú ọ̀rá tí ó mọ́, kí a lè wá yunifásítì tí yóò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.